Ìpolówó tó ń fò jáde lórí láptọ́ọ̀pù ilé wa ti fẹ́ẹ́ lé mi síta

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà yìí kí n tó là á mọ́lẹ̀.

Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo la ní nílé, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Òun ni mo fi ń kọ ìwé gbèsè àti ìwé ọjà (léèsì àti àǹkárá ni mò ń tà), òun náà làwọn ọmọ fi ń kàwé JAMB. Bí wọ́n bá kàwé tán, fíìmù ló kù. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, bí mo bá ti tàn án, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, àpótí kékeré kan á yọ ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún: "Your PC is infected with 5 viruses!" Kí n tó pa á dé, òmíràn ti yọ. Nígbà míì, obìnrin tí kò wọṣọ ni. Lánàá, oníbàárà mi kan jókòó tì mí, mò ń fi àwòrán léèsì hàn án, ni nǹkan burúkú yẹn bá yọ. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi bo ojú kọ̀ǹpútà. Obìnrin yẹn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò ra léèsì náà mọ́.

Mo ti gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, òun á fọ̀ ọ́. Ó gba ₦15,000, ó gbé e pamọ́ fún ọjọ́ méjì. Mo gbé e délé, kò tó wákàtí kan tí wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá ní kí n gbé e padà wá kí òun pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, kí òun fi Windows tuntun sí i. Ìwé gbèsè ọdún mẹ́rin ló wà níbẹ̀! Ta ló máa san gbèsè tí mi ò rí àkọsílẹ̀ ẹ̀ mọ́?

Ó tún ku méjì. Bí mo bá wá nǹkan ní Google, ibòmíràn tí mi ò mọ̀ ló ń gbé mi lọ. Bí mo bá sì wo bàtà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bàtà yẹn á máa tẹ̀lé mi káàkiri, títí dé ibi tí mo ti ń ka ìròyìn. Ṣé ẹnì kan ń ṣọ́ mi ni?

Túndé_Ọ̀nà_Kan · 9:20 alẹ́

Ẹ ra antivirus olówó. Ó parí.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ · 9:41 alẹ́

Ẹ kú wàhálà, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì ra nǹkan kan, ẹ má sì gbé e padà lọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àpótí yẹn bá tún yọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ kàn fojú sí i dáadáa. Ṣé ẹ rí "Google Chrome" lára ẹ̀? Ṣé orúkọ sáìtì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ?

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà · 9:48 alẹ́

Ó yọ bí mo ṣe ń ka èsì yín lọ́wọ́. "Google Chrome" wà lókè. Orúkọ kan wà nísàlẹ̀ tí ẹnu ò lè pè, ó dà bí ìgbà tí ọmọ kékeré fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí n pa fáírọ́ọ̀sì.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ · 10:05 alẹ́

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń bá yín sọ̀rọ̀ mà. Sáìtì tí orúkọ ẹ̀ wà nísàlẹ̀ yẹn ni, ó kàn wọ aṣọ ọlọ́pàá ni. Ẹ ò sì ní fáírọ́ọ̀sì márùn-ún. Wọn ò tiẹ̀ lè rí inú kọ̀ǹpútà yín láti ibi tí wọ́n wà. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń sọ fún pé ó ní márùn-ún.

Bó ṣe wọlé nìyí. Chrome, Edge, Firefox, àwọn bùráúsà tí a fi ń ṣí sáìtì, gbogbo wọn ló fàyè gba kí sáìtì máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí èèyàn, kódà nígbà tí ẹni náà ò bá ṣí sáìtì ọ̀hún. Wọ́n ṣe é kí lẹ́tà tuntun lè tètè hàn síni ni. Ṣùgbọ́n sáìtì ò lè ṣe é láìgba àṣẹ: bùráúsà á kọ́kọ́ bi yín, "Allow" tàbí "Block". Ohun táwọn oníjìbìtì wá ń ṣe ni pé wọ́n á ya àwòrán róbọ́ọ̀tì síbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ pé kẹ́ ẹ tẹ "Allow" láti fi hàn pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, tàbí pé fíìmù ò ní ṣí bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń kánjú wo fíìmù á tẹ̀ ẹ́. Ó ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n lè rán ohun tó wù wọ́n wá.

Ìdí nìyẹn tí fífọ̀ tí wọ́n fọ̀ ọ́ kò fi ràn án. Ìdọ̀tí ni wọ́n ń wá, àṣẹ ló sì wà níbẹ̀. Antivirus náà ò ní rí i, nítorí kò sí fáìlì kankan láti mú.

Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó dúró lórí ara wọn lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Privacy and security, Site settings, Notifications. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí wọ́n kọ "Allowed to send notifications". Gbogbo orúkọ tí ẹ ò bá mọ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí ẹ yan Block. Bí ẹ bá tán, ẹ padà sókè ojú ìwé yẹn kan náà, ẹ yan "Don't allow sites to send notifications", kí wọ́n má tiẹ̀ bi yín mọ́ rárá.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà · 10:52 alẹ́

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Sáìtì 31 ló ní àṣẹ láti máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé mi.

Mo pe àwọn ọmọ. Kẹ́hìndé ní òun ò mọ nǹkan kan. Táyé dákẹ́, ó ń wo òkè àjà. Nígbà tó yá ló ní, "Mọ́mì, wọ́n ní ká fi hàn pé a kì í ṣe róbọ́ọ̀tì ni." Mo ní ìgbà mélòó ló fẹ́ fi hàn wọ́n?

Mo ti dí gbogbo wọn. Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú báyìí, nǹkan kan ò yọ.

Bàbá_Kafé_Mokola · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Táyé ló lanu ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò tíì rí nǹkan o. Ní 2003 mò ń bójú tó kafé íntánẹ́ẹ̀tì kan, kọ̀ǹpútà méjìlá, Windows XP, Internet Explorer 6. Àwọn tó ń ṣe òru mọ́jú níbẹ̀ á tẹ̀ síbí, tẹ̀ sọ́hùn-ún. Tó bá fi máa di aago márùn-ún ìdájí, ẹ̀rọ kan á ti ní ogójì fèrèsé lójú. Ẹ pa ọ̀kan, mẹ́ta á jáde. Àwọn kan tún máa ń sá pamọ́ sábẹ́ àwọn yòókù, àfìgbà tí ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ kí ẹ tó rí wọn. Ìnàkí aláwọ̀ àlùkò kan tún wà tó ń jẹ́ BonziBuddy, á máa jó, á máa kọrin lójú kọ̀ǹpútà, á máa sọ pé ọ̀rẹ́ yín lòun. Ọ̀rẹ́ wo? Amí ni. Ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe ló ń kó lọ. Spybot tí ọmọ Jámánì kan kọ ni mo fi ń lé wọn, láràárọ̀, bí ẹni ń gbálẹ̀.

August 2004 ni Microsoft tó fi ìdènà fèrèsé àfòjáde sínú Internet Explorer, pẹ̀lú Service Pack 2, àtúnṣe ńlá tí wọ́n ṣe sí Windows XP. Ọjọ́ tí mo fi í sórí ẹ̀rọ méjèèjìlá, mo sun oorun ọ̀sán.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ kóòdù fèrèsé àfòjáde yẹn, Ethan Zuckerman lorúkọ ẹ̀, ó ti tọrọ àforíjì ní gbangba ní 2014. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tripod ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan ló bínú pé wọ́n gbé ìpolówó ọkọ̀ àwọn sórí ojú ìwé ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Ni wọ́n bá ní ó dáa, ká gbé ìpolówó kúrò lórí ojú ìwé náà, kó ní fèrèsé tiẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n fẹ́ gba ojú ẹnì kan, wọ́n fi ti gbogbo ayé ṣe é.

Ìyá Ìbejì, ti Google tó ń gbé yín lọ síbòmíràn, ẹ lo irinṣẹ́ tó ń fọ Chrome tó wà nínú Settings ẹ̀. Ó dáa gan-an.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ · 7:15 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Google ti yọ irinṣẹ́ yẹn kúrò láti 2023.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ kejì yìí yàtọ̀ sí ti àná. Ti àná, ariwo ẹnu ọ̀nà ni. Èyí tó ń darí yín síbòmíràn, ó ti wọlé. Ẹ kọ chrome://extensions síbi tí ẹ ti máa ń kọ orúkọ sáìtì, ibẹ̀ ni àwọn àfikún wà, ìyẹn ètò kéékèèké tí wọ́n so mọ́ Chrome, kí ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà · 8:02 àárọ̀

Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan tó ń sọ PDF di Word, ọ̀kan tó ní òun ń wá ọjà ẹ̀dínwó, ọ̀kan tó ní òun ń dènà ìpolówó.

Èyí tó ní òun ń dènà ìpolówó ni mo rí tí mo rẹ́rìn-ín.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ · 8:20 àárọ̀

Olè tó fi ara ẹ̀ ṣe ọlọ́dẹ ni.

Ẹ yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ tẹ "Details" lára ti PDF, kẹ́ ẹ wo àṣẹ tó gbà. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé ó lè ka gbogbo dátà yín lórí gbogbo sáìtì, kó sì yí i padà. Kí ló kan ẹni tó ń sọ PDF di Word pẹ̀lú ojú ìwé báńkì yín?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ àmì Chrome tó wà lójú kọ̀ǹpútà, ẹ yan Properties, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ "Target" sí. "chrome.exe" àti àmì ọ̀rọ̀ tó pa á dé ló yẹ kó parí sí. Bí àdírẹ́sì sáìtì kan bá tún so mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹ pa á rẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí ojú ìwé tí ẹ ò pè máa ṣí fúnra ẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i nínú Chrome pé "Managed by your organization", tí ẹ kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sọ fún mi.

Kí ẹ wá lọ sí sáìtì Malwarebytes, iléeṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, fúnra yín, ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ẹ má wá a ní Google, nítorí èyí tó máa ń yọ sókè níbẹ̀ lè jẹ́ ìpolówó ayédèrú. AdwCleaner, irinṣẹ́ wọn tó ń kó ètò ìpolówó kúrò, ni kẹ́ ẹ mú, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá ṣe tiẹ̀ tán, ẹ wọ Windows Security, Virus & threat protection, Scan options, kẹ́ ẹ yan èyí tó ní "offline scan". Kọ̀ǹpútà á pa, á tàn fúnra ẹ̀, á lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí iná NEPA wà tàbí kí bátìrì kún o. Ìdí tó fi ń ṣe é kí Windows tó tàn tán ni pé àwọn kan máa ń sá pamọ́ bí Windows bá ti jí.

Túndé, antivirus tẹ́ ẹ ní kí wọ́n rà, ọ̀kan ti wà lórí Windows tẹ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Defender lorúkọ ẹ̀.

Túndé_Ọ̀nà_Kan · 8:26 àárọ̀

Mo ṣì ní kí wọ́n rà á.

Ṣadé_Peckham · 1:10 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti bàtà tó ń tẹ̀lé Ìyá Ìbejì, nítorí gbogbo yín ti fò ó dá.

Ẹ rántí alágbàfọ̀ àtijọ́? Bí ẹ bá kó aṣọ fún un, á fi yíǹkì tàbí òwú ṣe àmì kékeré sí ọrùn aṣọ nínú, kó lè mọ̀ pé tiyín ni bí ẹ bá padà wá. Kúkì, àmì kékeré tí sáìtì ń fi sínú bùráúsà yín, nìyẹn gan-an. Lou Montulli ló ṣe é ní Netscape ní 1994, nítorí sáìtì kì í rántí èèyàn: bí ẹ bá kúrò lójú ìwé kan bọ́ sí èkejì, àlejò tuntun ni yín lójú ẹ̀. Àmì yẹn ló ń jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ ọjà yín má ṣófo, kí ímeèlì má sì máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ nǹkan. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀.

Ibi tó ti bàjẹ́ nìyí: ká sọ pé ẹnì kan lọ bá gbogbo ṣọ́ọ̀bù Dugbẹ, ó san owó fún wọn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù bàtà, ọmọ yẹn fi àmì sí yín lọ́rùn. Ẹ jáde, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ìwé ìròyìn. Ọmọ mìíràn ti ọ̀gá kan náà rán wá wo ọrùn yín, ó ní, "Háà, obìnrin tó wo bàtà pupa nìyí," ó na àwòrán bàtà pupa sí yín lójú. Ẹ ò mọ ọ̀gá yẹn, ẹ ò bá a ṣòwò rí. Kúkì ẹni kẹta ni wọ́n ń pè é.

Ìyá mi, wọn ò mọ orúkọ yín dandan, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ yín o. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Safari ti ń dí gbogbo kúkì ẹni kẹta láti 2020. Firefox, láti June 2022, ti fún sáìtì kọ̀ọ̀kan ní ìkòkò kúkì tiẹ̀, àmì tí wọ́n fi sí yín ní ṣọ́ọ̀bù bàtà ò ṣeé kà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ìròyìn. Google ní January 2020 ṣèlérí pé láàárín ọdún méjì kúkì ẹni kẹta á kúrò lórí Chrome. Wọ́n sún un síwájú, wọ́n tún sún un. Ní July 2024 wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Ẹni tó ń jẹun lórí ìpolówó, ta ló retí pé kó gé ọwọ́ ara ẹ̀? Ẹ wọ Privacy and security ní Chrome, ẹ dí wọn fúnra yín: "Third-party cookies", lẹ́yìn náà "Block".

Níbi tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, àpótí kúkì tó ń bi yín léèrè ló pọ̀ jù. Wọ́n á kun "Accept all" ní àwọ̀ tó tàn bí ẹyin iná, wọ́n á wá fi "Reject" sábẹ́ ibi tí ẹ ní láti tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo máa ń ní sùúrù, mo máa ń wá a rí. Nàìjíríà náà ti ní òfin ìdáàbòbò dátà láti June 2023, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kankan sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni.

Oníròyìn_Ẹ̀gbá · 3:45 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àná, mo sì ti rí ibi tó ń lọ: ẹ fẹ́ ní kí gbogbo èèyàn dènà ìpolówó. Èmi ní sáìtì kékeré kan tí mo fi ń kọ ìròyìn àdúgbò. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń kà á. Ìpolówó yẹn ló ń san owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀. Bí gbogbo yín bá dí i, kí ni mo fẹ́ jẹ?

Ṣadé_Peckham · 4:02 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú o, ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ àwọn tó ń bá ìpolówó yẹn wọlé sórí sáìtì yín? Ṣé ẹ̀yin lẹ yàn wọ́n?

Oníròyìn_Ẹ̀gbá · 4:30 ọ̀sán

Rárá. Mo kàn lẹ kóòdù tí wọ́n fún mi mọ́ ọn ni. Mo gbà, ìbéèrè gidi nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí pé kí ni mò ń polówó oògùn alágbára fún. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi ò mọ ìyẹn.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ · 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbá, mi ò ní kí ebi pa yín. Ìdènà tó dáa ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè fi dá sáìtì tó fẹ́ràn sí. Tèmi, mo dá tiyín sí bí ẹ bá fún mi ní orúkọ ẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ dènà wọn: uBlock Origin. Raymond Hill ló kọ ọ́, kì í gba owó, kì í tiẹ̀ gba ọrẹ. Ẹ wo orúkọ yẹn tán, nítorí àwọn ayédèrú tó fi orúkọ jọ ọ́ pọ̀ (ọ̀kan lára wọn ló wà lórí kọ̀ǹpútà Ìyá Ìbejì láàárọ̀). Ìṣòro kan wà: láàárín 2024 sí 2025, Chrome yí òfin tó fi ń gba àfikún padà, uBlock Origin kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́. Èyí tó kù fún Chrome ni uBlock Origin Lite, tó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ojúlówó ṣì wà ní Firefox. Firefox ni màá fi sórí ẹ̀rọ yẹn bó bá jẹ́ tèmi.

Èrè míì tún wà níbẹ̀ tí ò kan amí: dátà. Fídíò ìpolówó tí ẹ ò pè, owó yín ló ń jẹ.

Ọmọ_Odò_Ọ̀nà · 6:40 ìrọ̀lẹ́

Fún ẹni tó fẹ́ dènà ìpolówó lórí fóònù Android: Settings, Private DNS, kẹ́ ẹ kọ dns.adguard-dns.com. Kò ní àfikún, kò ní owó. Kò lè dí ti YouTube o, kí ẹnì kankan má wá bú mi.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà · 9:33 alẹ́

Ẹ má bínú, ọjà ni mo lọ. Mo ti yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Google ti ń ṣe bó ṣe yẹ. AdwCleaner rí nǹkan méjìlá, ó kó wọn. Èyí tí kọ̀ǹpútà pa tó tún tàn yẹn náà rí ọ̀kan, mo dà á kọ síbí lẹ́tà lẹ́tà: HackTool:Win32/AutoKMS. Kí ni?

Ọmọ_Village · 9:40 alẹ́

Activator nìyẹn, mà. Ìkẹjà ni mo wà, gbogbo láptọ́ọ̀pù tí a ń tà ló wà lórí ẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí Windows ṣiṣẹ́ láìsanwó. Microsoft ló ń pè é ní olè nítorí kò sanwó fún wọn. Ẹ fi í sílẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ_Ẹ̀rọ · 10:01 alẹ́

Àbúrò, apá kan òótọ́ ni. Orúkọ yẹn nìkan ò ní kó jẹ́ amí. Ṣùgbọ́n níbo lo ti mú tìẹ? Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é kọ́ lo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan tó gbà á lọ́wọ́ ẹnì kan ni. Ohun tó sì kọ́kọ́ ń sọ fún ẹ ni pé kí o pa Defender kí o tó ṣí i. Ọlọ́dẹ lo lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó o wá jẹ́ kí àlejò wọlé. Ní 2021 àwọn oníwádìí rí ayédèrú KMSPico, ọ̀kan lára àwọn activator yẹn, tó gbé ètò olè kan tó ń jẹ́ CryptBot sínú. CryptBot kì í fi ìpolówó hàn, kì í pariwo rárá. Ó kàn ń kó ọ̀rọ̀ aṣínà àti kúkì tó wà nínú bùráúsà, á sì lọ.

Ìyá Ìbejì, ẹ rántí àmì alágbàfọ̀ tí Ṣadé sọ. Kúkì tó ń jẹ́ kí ímeèlì yín mọ̀ yín, bí ẹnì kan bá jí i, aṣọ yín ni wọ́n máa kó fún un. Wọn ò ní béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ ẹ̀, nítorí àmì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n ti jí tiyín. Ṣùgbọ́n lálẹ́ yìí, lórí fóònù yín, kì í ṣe lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì padà, lẹ́yìn náà ti báńkì, kí ẹ sì jáde kúrò lórí gbogbo ẹ̀rọ tí ímeèlì yẹn wà. Ìyẹn ló ń sọ àmì tí wọ́n bá ti jí di bébà lásán.

Ìwé gbèsè yín náà, ẹ dà á sórí fílàṣì lónìí. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows 10 dúró láti October 14, 2025, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa ní láti pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́.

Ọmọ_Village · 10:09 alẹ́

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n oníbàárà ò ní san owó Windows, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á ní mò ń yàn wọ́n jẹ.

Àǹtí_Houston · Ọjọ́rú, 2:50 òru

Ẹ jẹ́ kí n fi tiwa kún un. Ìyá ọkọ mi ń wá bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́ kan lórí kọ̀ǹpútà, ni gbogbo ojú ẹ̀ bá pupa, ó ń dún bí ọkọ̀ panápaná, ohùn obìnrin ń sọ pé bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà yìí ẹ máa pàdánù gbogbo nǹkan, ẹ pe nọ́ńbà yìí. Màmá pè é. Ọkùnrin kan fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan, ó wọ inú kọ̀ǹpútà, ó ní kí wọ́n lọ ra káàdì ẹ̀bùn $500. Wọ́n ti wọ bàtà tán kí ọkọ mi tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Fèrèsé bùráúsà lásán ni, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ kó gba gbogbo ojú. Ẹ di Esc mú fún ìgbà díẹ̀, á fà sẹ́yìn, ẹ wá pa á. Bí kò bá gbọ́, Ctrl, Shift àti Esc lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yan bùráúsà, End task. Ìkìlọ̀ Microsoft kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú, láéláé.

Bàbá_Kafé_Mokola · 6:15 àárọ̀

Orí bá màmá yẹn ṣe é gan-an. Àwọn míì kì í dúró kí ọmọ dé.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:20 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti yí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà padà, mo sì rí i pé ẹ̀rọ kan tí mi ò mọ̀ wà lórí ímeèlì mi. Mo lé e. Ìwé gbèsè wà lórí fílàṣì méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù. Firefox ni mò ń lò báyìí. Mo ṣí ìwé ìròyìn láàárọ̀, nọ́ńbà kékeré ara uBlock yẹn, tó ń ka ohun tó ti dí, fò sí 47. Ojú ìwé kan ṣoṣo! Bàtà ò tẹ̀lé mi mọ́ lórí láptọ́ọ̀pù. Lórí fóònù ó ṣì ń tẹ̀lé mi, màá ṣe ti Odò Ọ̀nà lọ́la.

Oníbàárà mi ọjọ́sí padà wá lónìí. Mo ṣí láptọ́ọ̀pù níwájú ẹ̀, àyà mi ń já. Léèsì nìkan ló rí. Ó ra yáàdì márùn-ún.

Táyé wá bá mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní fíìmù tí òun ń wò kò ṣí mọ́, wọ́n ní àfi kí òun tẹ "Allow". Mo ní kó gbé àga wá, kó wá jókòó tì mí, kó tẹ̀ ẹ́ níwájú mi. Ó ní kò pọn dandan.